Ọmọ Inú Yàrá Ìsinmi

Òórùn ọṣẹ ni ó máa ń pàdé ènìyàn ní ẹnu ọ̀nà jẹ́lé-ó-sinmi náà kí ariwo àwọn ọmọ tó pàdé rẹ̀. Wọn a fọ ilẹ̀ ní òwúrọ̀, wọn a tún un fọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Aṣọ ìnujú, sísè ni wọ́n ń sè é lórí iná. Ohun ìṣeré tí ọmọ kan bá ti kì bọ ẹnu, inú omi ọṣẹ ni yóò wà títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́. Àwọn òbí fẹ́ràn òórùn yìí. Ìyá tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ a fa èémí sínú ní ẹnu ọ̀nà, a sì fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tí ó gbé ẹyin lé orí òwú.

Obìnrin tí ó ń gba àwọn ọmọ wọlé ti rékọjá àádọ́ta ọdún. Àwọn ọmọ tirẹ̀ ti dàgbà, wọ́n ti fọ́n ká. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ni gbogbo ènìyàn ń pè é, nítorí pé bí ó bá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀yìn ọmọ tí ń sunkún, ẹkún náà a rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí omi tí a gbé kúrò lórí iná. Iṣẹ́ mìíràn tún wà tí ọwọ́ yìí ń ṣe. Ní òwúrọ̀, yóò fi ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ kan ọrùn ọmọ kọ̀ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà. Bí ọrùn bá tutù, ọmọ wọlé. Bí ó bá gbóná, ọmọ bá ìyá rẹ̀ padà, ìbáà ṣe ọmọ ta ni. Ohun tí a fi ń wọn ibà wà nínú dúróò Màdáámù, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó rántí ìgbà tí wọ́n mú un jáde kẹ́yìn.

Bàbá kan wà tí kì í kọjá láìṣe yẹ̀yẹ́. Yóò tẹ ọrùn tirẹ̀ náà sílẹ̀, yóò ní, "Ọ̀gá ẹnubodè, ẹ bá mi wo tèmi. Bó bá gbóná, mo fẹ́ padà sílé lọ sùn."

"Tìẹ ti tutù jù," ni Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ yóò dá a lóhùn. "Àfi bí ẹja inú yìnyín. Gba ibi iṣẹ́ ẹ lọ, jàre."

Màdáámù ni ó ni ilé náà. Obìnrin gíga kan ni, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì ṣùgbọ́n tí ohùn rẹ̀ kò tíì fẹ̀yìn tì. Òfin rẹ̀ méjì kì í yẹ̀: wọn kì í gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, òṣìṣẹ́ kankan kò sì gbọdọ̀ gbé ọmọ tirẹ̀ wá síbi iṣẹ́. "Ẹni tó ń ṣọ́ ọmọ ọlọ́mọ," a máa wí, "tí tiẹ̀ wà nílẹ̀, ojú kan ṣoṣo ló fi ń ṣọ́."

Òfin kejì yìí ni Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ń rú lójoojúmọ́.

Àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an, ni alágbàfọ̀ ilé náà. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ni ó bẹ̀bẹ̀ kí Màdáámù tó gbà á síṣẹ́. Àbúrò yìí ti wojú Olúwa fún ọmọ títí irun fi ń funfun lórí rẹ̀. Àwọn ẹbí ọkọ ti béèrè títí wọ́n fi dẹ́kun ìbéèrè, ìdákẹ́ wọn sì wá dùn ún ju ìbéèrè lọ. Nígbà tí ọmọ wá dé, ọkọ ti bá iṣẹ́ lọ sí ọ̀nà jíjìn, kò sì sí ẹni tí wọ́n lè gbé e fún nílé.

"Gbé e wá," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Màdáámù kì í dé ẹ̀yìnkùlé. Níbi tí mo bá wà, kí ló fẹ́ ṣe ọmọ ẹ?"

Báyìí ni ọmọ náà ṣe ń gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé ní àràárọ̀, lẹ́yìn ìyá rẹ̀, lábẹ́ aṣọ òtútù, tí kò sì sí lára àwọn ọmọ tí ilé náà mọ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ni ó sọ ọ́ ní Baálé, nítorí pé, bí kò tilẹ̀ tíì pé oṣù mẹ́fà, iwájú orí rẹ̀ a máa dì bí ti àgbàlagbà tí wọ́n gbé ẹjọ́ ilẹ̀ wá bá.

"Baálé, ta ló jẹ̀bi lónìí?" ni yóò bi í.

Ọmọ yóò wò ó lọ wò ó bọ̀, yóò tu itọ́ fúú.

"Ó ní ẹ̀yin ni, Aǹtí mi," ni àbúrò yóò wí, yóò sì rẹ́rìn-ín títí omi yóò fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, bí àwọn ọmọ bá ti lọ tán, àwọn méjèèjì a jọ ká aṣọ ìtẹ́sùn. Ọ̀kan yóò di etí méjì mú, èkejì yóò di etí méjì mú. Wọn yóò fà á le, wọn yóò gbọ̀n ọ́n, wọn yóò rìn pàdé ara wọn títí ọwọ́ yóò fi kan ọwọ́. Bí ìyá wọn ṣe kọ́ wọn nìyẹn nígbà tí ọwọ́ àbúrò kò tíì ga tó, tí ẹ̀gbọ́n ń bẹ̀rẹ̀ kí aṣọ má baà dagun. Láti ìgbà tí ọmọ ti dé, ẹ̀gbọ́n kò pe àbúrò ní orúkọ mìíràn mọ́. "Ìyá Baálé, fà á," ni yóò wí. "Ìyá Baálé, ó ń wọ́lẹ̀." Kì í ṣe nítorí aṣọ ni ó fi ń pè é léraléra bẹ́ẹ̀.

Yàrá kan wà ní igun ilé náà tí wọ́n ń pè ní yàrá ìsinmi. Kọ́tìnì búlúù tí ó nípọn bo fèrèsé rẹ̀, fèrèsé náà sì ń wà ní títì nítorí ariwo ọkọ̀ ojú títì. Fáànù kékeré kan ń yí níbẹ̀ jẹ́jẹ́. Òun ni yàrá tí ó dára jù nínú ilé náà. Ọmọ tí orí ń fọ́, ọmọ tí ó sunkún kọjá ààlà, ibẹ̀ ni wọ́n ń tẹ́ ẹ sí. Bí oòrùn bá sì ti mú ní ẹ̀yìnkùlé, tí Màdáámù bá ti jáde lọ, Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ a gba Baálé lẹ́yìn ìyá rẹ̀, a gbé e lọ tẹ́ síbẹ̀, kí àbúrò lè fi ara sí iṣẹ́.

Ọmọ kan wà láàárín àwọn ọmọ náà tí wọ́n ń pè ní Dérébà. Ó kù díẹ̀ kí ó pé ọmọ ọdún mẹ́ta. Ohun gbogbo tí ó bá bọ́ sí i lọ́wọ́, ìbáà ṣe ọmọrí ìkòkò, ìbáà ṣe bàtà, ọkọ̀ ni ó ń fi í wà. A máa wọlé pẹ̀lú ariwo ẹ́ńjìnnì lẹ́nu, àwọn olùtọ́jú yóò sì sá fún un bí ẹni pé yóò gbá wọn lóòótọ́. "Dérébà, bírékì o! Ó ti pa wá!"

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí à ń wí yìí, ẹsẹ̀ ni Dérébà fi rìn wọlé. Kò wa ohunkóhun. Ojú rẹ̀ pọ́n, ikun sì gbẹ sí i nímú. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án lọ́rùn. Ó tutù, ó tilẹ̀ ń làágùn díẹ̀.

"Ojú rẹ̀ ńkọ́?" ni ó bi ìyá ọmọ náà, akọ̀wé báǹkì kan tí bàtà rẹ̀ kì í dúró lójú kan.

"Ẹkún ló sun mọ́jú, Aǹtí. Eyín ló ń hù."

"Eyín? Ọmọ tó ń wa mọ́tò?"

"Ti ẹ̀yìn ni. Ẹ jọ̀ọ́, Aǹtí, mo ti pẹ́. Ẹni tó ń jókòó dè mí kò ní sùúrù."

Ọwọ́ náà tún kan ọrùn lẹ́ẹ̀kejì. Ó tutù. Ọmọ wọlé.

Nígbà tí ó di ìyálẹ̀ta, oògùn ibà tí ìyá rẹ̀ ti fún un mu ní ìdájí ti ṣiṣẹ́ tirẹ̀ tán. Ọrùn ọmọ náà gbóná bí ìdí ìkòkò. Ó ń wúkọ́, ikọ́ gbígbẹ tí ń mi gbogbo ara rẹ̀. Ohun tí ó sì dun Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ jù ni pé ọmọ náà ń sá fún ìmọ́lẹ̀: ó rá wọ abẹ́ tábìlì, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, ó ń kérora. Wọ́n pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Ó ní òun ń bọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò lè jẹ́ kí òun kúrò níwájú àwọn oníbàárà.

Àánú ni ó ṣe Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó gbé Dérébà jáde lábẹ́ tábìlì, ó fi aṣọ bo ojú rẹ̀, ó sì gbé e lọ sí yàrá tí ó ṣókùnkùn jù tí ó sì dákẹ́ jù nínú ilé. Baálé ti wà níbẹ̀, ó sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Obìnrin náà dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó rò ó. Lẹ́yìn náà ó fa tìmùtìmù Dérébà lọ sí ìhà kejì yàrá, kí àwọn méjèèjì má baà fi ọwọ́ kan ara wọn, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Títí di ìrọ̀lẹ́ ni Dérébà ń wúkọ́ nínú yàrá náà. Fáànù ń yí. Baálé jí, ó mu wàrà ìyá rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ sì tún gbé e padà síbẹ̀ lọ sùn.

Dérébà kò wá ní ọjọ́ kejì. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí nọ́ọ̀sì kan ti ilé ìwòsàn àdúgbò fi wọlé dé, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ó gbé báàgì kọ́ èjìká. Ara ọmọ náà ti sú láti ìdí etí dé àyà, ó ní, èéyi ni. Ìyá rẹ̀ kò jẹ́ kí ó gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ lásìkò. Ní gbogbo ìgbà tí ó yẹ kí wọ́n lọ, ọ̀fìnkìn a mú ọmọ, wọn a sún un síwájú.

Ọ́fíìsì Màdáámù ni wọ́n ti gbà á, Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Nọ́ọ̀sì wo káàdì abẹ́rẹ́ gbogbo àwọn ọmọ yòókù, kò rí àléébù.

"A ti fọ ohun gbogbo," ni Màdáámù wí. "Ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀ fúnra yín."

"Mo gbọ́ ọ, Mà, ẹ kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n inú afẹ́fẹ́ leléyìí ń gbé. Ọmọ á ti jáde nínú yàrá, èémí rẹ̀ á ṣì wà níbẹ̀ tó ń dúró de ẹlòmíì." Ó ti báàgì rẹ̀ pa. "Àwọn tí mo ń bẹ̀rù fún ni àwọn ìkókó. Àwọn tí kò tíì pé oṣù mẹ́sàn-án, wọn kò tíì gba abẹ́rẹ́ rẹ̀. Bí irú wọn bá wà nítòsí ọmọ yẹn, ẹ jẹ́ kí n mọ̀ lónìí. A ní nǹkan tí a máa ń fún wọn, bí kò bá tíì ju ọjọ́ mẹ́fà lọ tí wọ́n pàdé rẹ̀. Bó bá pẹ́, ó ti bọ́ nìyẹn."

"A kì í gba ìkókó," ni Màdáámù wí. "Òfin ilé yìí ni."

Nọ́ọ̀sì yíjú sí ẹni tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. "Bẹ́ẹ̀ ni, Mà?"

Láti ojú fèrèsé, Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ń gbọ́ bí àbúrò rẹ̀ ṣe ń fún omi jáde lára aṣọ, tí ó sì ń kọrin fún ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, orin tí kò ní orí tí kò ní ìdí. Bí ó bá sọ òtítọ́, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àbúrò kí ilẹ̀ tó ṣú. Tirẹ̀ náà lè bọ́. Ó sì tún rò ó pé òun ti fi omi gbígbóná fọ yàrá náà, òun ti se aṣọ rẹ̀, òun ti nu ògiri dé ibi tí ọwọ́ òun gùn dé. Kí ni ó tún lè kù níbẹ̀?

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni ó wí. "A kì í gbà wọ́n."

Nọ́ọ̀sì gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó dúpẹ́, ó lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ tún fọ yàrá ìsinmi. Ó yọ kọ́tìnì, ó rẹ ẹ́ sínú omi. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ilẹ̀ títí eékún rẹ̀ fi bó. Ó nu apá fáànù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń fọ̀ ọ́ bí ẹni tí ń bẹ ilẹ̀. Àwọn olùtọ́jú yòókù ń wò ó, wọ́n ní, "Aǹtí, ilẹ̀ náà ti gbọ́ o. Ẹ má pa á."

Ní ìrọ̀lẹ́, òun àti àbúrò dúró nídìí okùn aṣọ, aṣọ ìtẹ́sùn nà láàárín wọn. Baálé ń wo wọn láti ẹ̀yìn ìyá rẹ̀, ó fajú ro.

"Wọ́n ní èéyi ló mú Dérébà," ni àbúrò wí.

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Ẹnu àwọn olùtọ́jú náà ni." Ó gbọn aṣọ. "Aǹtí mi, kò kúkú dé ọ̀dọ̀ Baálé, àbí?"

Aṣọ náà wà láàárín wọn, ó le, kò hunjọ níbì kankan. Ìbéèrè náà kò ní ẹ̀tàn. Bí ọmọdé ṣe ń bi àgbà ní ọ̀nà ilé ni ó ṣe bi í. Bí ẹ̀gbọ́n bá sì wí pé bẹ́ẹ̀ ni, àbúrò yóò ju aṣọ sílẹ̀, yóò sáré gba iwájú ilé jáde, yóò kọjá lójú Màdáámù. Ìyẹn tilẹ̀ kéré. Yóò kọ́kọ́ wò ó. Ojú tí yóò fi wò ó yẹn ni kò lè dúró dè.

"Rárá o," ni ó wí. "Yàrá ńlá ni Dérébà wà."

"Ẹ ṣeun. Àyà mi ti já." Àbúrò rìn wá pàdé rẹ̀, ọwọ́ kan ọwọ́. "Mo ní níbi tí ẹ bá wà, kí ni mo ń jáyà sí?"

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ tún múra láti sọ ọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ó sọ ọ́ fún ara rẹ̀ lójú ọ̀nà, ó to ọ̀rọ̀ náà dáadáa, ó bá àbúrò níbi tí ó ti ń gbo aṣọ. Ní ìgbà àkọ́kọ́, Baálé ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ bí a ṣe ń jókòó fúnra rẹ̀ ni, àbúrò sì ń pè é kí ó wá wo ìran. Báwo ni ènìyàn ṣe lè gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí àárín ẹ̀rín? Ní ìgbà kejì, àkókò tí nọ́ọ̀sì dá ti kọjá, ó sì sọ fún ara rẹ̀ pé níwọ̀n ìgbà tí ara ọmọ náà le, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ kò yẹ ní sísọ. Ó ń fọ yàrá náà lójoojúmọ́. Òórùn ọṣẹ kò kúrò lára ọwọ́ rẹ̀ mọ́, bí ó tilẹ̀ fẹ́ jẹun.

Ó wá di òwúrọ̀ kan. Àbúrò gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé bí ìṣe rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n lè gba ọmọ.

"Ara rẹ̀ ni kò kàn yá gágá láti àná," ni ó wí. "Eyín ni mo rò pé ó jẹ́."

Ẹ̀yìn ọwọ́ Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ kan ọrùn ọmọ náà.

Ó gbé ọmọ náà lọ sí gbangba, ó yí ojú rẹ̀ sí oòrùn. Baálé kígbe, ó fi orí pamọ́ sí i láyà. Ó sá fún ìmọ́lẹ̀.

"Aǹtí mi? Kí ló dé? Kí lẹ ń wò?"

"Wọ bàtà ẹ," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Jẹ́ ká lọ."

Yàrá àwọn ọmọdé ní ilé ìwòsàn gùn, ó sì mọ́lẹ̀ púpọ̀. Wọ́n fi aṣọ bo ojú Baálé nítorí ìmọ́lẹ̀ náà. Ara rẹ̀ ti sú nígbà náà, ó pupa, ó sì wú. Wọ́n ti kó rọ́bà afẹ́fẹ́ sí i nímú, ìhà rẹ̀ ń wọlé, ó ń jáde, bí ti ẹni tí ó ń sáré lórí ibùsùn. Dókítà tí ó ń tọ́jú rẹ̀ kì í ṣe àgbàlagbà, ohùn rẹ̀ sì tutù. Ó ní ó ti kan ẹ̀dọ̀fóró. Ó béèrè ibi tí ọmọ náà ti lè kó o.

"Ọmọ kan ní i níbi iṣẹ́ wa," ni àbúrò wí, "ṣùgbọ́n kò dé ọ̀dọ̀ tèmi. Ẹ̀gbọ́n mi yìí mọ̀ ọ́n. Ẹ sọ fún wọn, Aǹtí mi."

Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ wo ọwọ́ ara rẹ̀. Awọ rẹ̀ ti funfun, ó ti ya, láti ara ọṣẹ.

"Ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀," ni ó wí. "Yàrá kan náà ni mo tẹ́ àwọn méjèèjì sí, láti ìyálẹ̀ta títí di ìrọ̀lẹ́. Wọ́n bi mí léèrè, mo ní rárá. Ìwọ náà bi mí, mo ní rárá."

Àbúrò kò yíjú. Ọmọ ni ó ń wò. Nígbà tí ó sọ̀rọ̀, dókítà ni ó bá sọ ọ́.

"Ká ní a mọ̀ nígbà yẹn ńkọ́, Dókítà?"

Dókítà rọra ṣẹ́ aṣọ ojú ọmọ padà. "Abẹ́rẹ́ kan wà fún àwọn tó kéré báyìí, bí wọ́n bá tètè gbé wọn dé. Kì í gba gbogbo wọn là. Ṣùgbọ́n ó máa ń rọ̀ ọ́ fún wọn."

"Mi ò bá ti gbé e dé," ni àbúrò wí. "Ibí yìí ò jìnnà. Ẹsẹ̀ ni mo máa fi sáré."

Ó fi aṣọ bo ẹsẹ̀ ọmọ. Lẹ́yìn náà ó tún wí, láìgbé ohùn sókè, pẹ̀lú gbogbo ọ̀wọ̀ tí àbúrò ń fún ẹ̀gbọ́n, "Ẹ máa lọ sílé, Aǹtí mi. Ẹ ti ṣiṣẹ́ tó."

Kò lọ sílé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìta ni ó ń jókòó sí lójoojúmọ́, níbi tí àwọn tí ń fọ ilẹ̀ ti ń ní kí ó gbé ẹsẹ̀. Ọṣẹ tí wọ́n ń lò níbẹ̀ náà ni èyí tí wọ́n ń lò ní jẹ́lé-ó-sinmi. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, bí ilẹ̀ ṣe ń gbẹ, ó gbọ́ tí ẹnì kan nínú yàrá náà fa kọ́tìnì yí ibùsùn kan ká. Kò gbọ́ igbe. Ó dìde, ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Láàárín kọ́tìnì méjì tí kò pàdé tán ni ó ti rí ọmọ náà lórí itan ìyá rẹ̀. Iwájú orí rẹ̀ tí ó máa ń dì ti tú. Kò sí ẹjọ́ kankan lójú rẹ̀ mọ́. Ìyá rẹ̀ ń fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀lé ìlà ibi tí ó ti máa ń dì, láti òkè wá sísàlẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà.

Ọkọ dé láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n sin ọmọ náà, ọkọ tún padà síbi iṣẹ́. Nígbà tí Màdáámù gbọ́, ohun tí ó kọ́kọ́ wí ni, "Ọmọ wo?" Nígbà tí wọ́n sì ṣàlàyé fún un, ó jókòó fún ìgbà pípẹ́, ojú rẹ̀ sì kún fún omi, nítorí pé kì í ṣe ènìyàn búburú. Lẹ́yìn náà ni ó nu ojú, ó ní òun kò ní lé ẹnikẹ́ni. Alágbàfọ̀ lè padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú ilé yìí wọ ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé bí àwọn òbí bá gbọ́, wọn yóò kó ọmọ wọn lọ.

Àbúrò padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó ń kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láràárọ̀, pẹ̀lú eékún nílẹ̀, "Ẹ káàárọ̀, Aǹtí mi," a sì kọjá lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀gbọ́n a la ẹnu láti pè é, ẹnu a sì wà bẹ́ẹ̀ ní lílà, nítorí pé orúkọ tí ó fi ń pè é kò sí mọ́, kò sì mọ èyí tí yóò fi rọ́pò rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ kan lẹ́yìn náà, ariwo ẹ́ńjìnnì dé láti ìta. Dérébà ni. Ó ti rù, àpá dúdúdúdú sì wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọrí ike kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń wà á. Ó ya ọkọ̀ náà sí iwájú Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀, ó sì tẹ ọrùn sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọwọ́ náà kàn án. Ó tutù.

Ìyá rẹ̀ kò kánjú ní ọjọ́ yìí. Ó kúnlẹ̀. "Aǹtí, ẹ ṣeun. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ bo ojú ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, tẹ́ ẹ gbé e síbi tó ṣókùnkùn. Mi ò lè gbàgbé." Ó wo Màdáámù tí ó yọjú láti ọ́fíìsì. "Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn ni pé kó má lọ ran ọmọ ọlọ́mọ. A dúpẹ́ pé kò ran ẹnì kankan."

"A dúpẹ́ o," ni Màdáámù wí.

"Ó ran ọmọ kan," ni Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ wí.

Àwọn òbí méjì mìíràn wà lẹ́yìn pẹ̀lú ọmọ wọn; bàbá tí ó máa ń tẹ ọrùn sílẹ̀ wà níbẹ̀. Màdáámù wúkọ́. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Ọmọ àbúrò mi ni, alágbàfọ̀ ilé yìí. Èmi ni mò ń gbé e wọlé ní kọ̀rọ̀. Yàrá tí ó ṣókùnkùn tí ẹ ń wí yẹn, ibẹ̀ ló wà. Nọ́ọ̀sì wá béèrè, mo pa á mọ́. Ìyá ọmọ béèrè, mo pa á mọ́. Ó ti kú."

Akọ̀wé báǹkì náà kò dìde lórí eékún rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí ẹnu. "Aǹtí," ni ó wí, "mo fún un lóògùn láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo mọ̀ pé ara ẹ̀ gbóná. Mo mọ̀ pé ẹ máa fọwọ́ kàn án."

"Mo mọ̀ nígbà tí ara ẹ̀ tún gbóná."

Bàbá tí ó ń ṣe yẹ̀yẹ́ gbé ọmọ rẹ̀ sókè láti ilẹ̀, ó gbé e mọ́ra, ó sì ń fi ẹ̀yìn rìn padà díẹ̀díẹ̀ sí ojú títì. Dérébà ń wa ọkọ̀ rẹ̀ yípo láàárín ẹsẹ̀ wọn.

"Wá bá mi ní ọ́fíìsì," ni Màdáámù wí. Ohùn rẹ̀ ti fẹ̀yìn tì nígbẹ̀yìn gbẹ́yín.

"Mò ń bọ̀, Mà."

Ẹ̀yìnkùlé ni ó kọ́kọ́ lọ. Àbúrò wà nídìí okùn aṣọ. Fèrèsé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣí, kò sì jìnnà. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, tàbí kò gbọ́ nǹkan kan, ojú rẹ̀ kò sọ èyí tí ó jẹ́. Ó já aṣọ ìtẹ́sùn kan sílẹ̀ lórí okùn. Ẹ̀gbọ́n na ọwọ́ méjèèjì síwájú láti gba etí tirẹ̀, bí wọ́n ti ń ṣe láti kékeré.

Àbúrò kò na aṣọ náà sí i. Ó gbé e mọ́ àyà ara rẹ̀, ó fi àgbọ̀n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó sì ń gbìyànjú láti fi ọwọ́ méjì ká ohun tí ó ń fẹ́ ọwọ́ mẹ́rin. Aṣọ náà gùn. Etí rẹ̀ kan já bọ́, ó wọ́lẹ̀, ó gbé iyẹ̀pẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà díẹ̀, Aǹtí mi," ni ó wí. "Ẹ ń ṣíji bo àwọn aṣọ."

Ẹ̀gbọ́n yà. Àbúrò wo etí aṣọ tí ó ti rí iyẹ̀pẹ̀, ó tú gbogbo rẹ̀ ká, ó sì tún un rì sínú omi ọṣẹ.